Àwọn Ẹyẹ Tó Ń Gba Aṣálẹ̀ Kọjá

"Ẹ kú ewu ọ̀nà o! Ẹ kú àbọ̀ o!"

Ẹyẹ ni ìyá bàbá mi ń kí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ kùtù, nínú pápá Eastbrookend tó wà lẹ́yìn àdúgbò wa. Ó ti bọ́ bàtà. Aládùúrà ni, ó sì máa ń sọ pé ibi tí òun bá ti fẹ́ gbàdúrà, ilẹ̀ mímọ́ ni, ìbáà jẹ́ koríko tí ìrì rin gbingbin. Òórùn ẹrẹ̀ òjò àná ń pàdé òórùn òrí tó fi pa ẹsẹ̀. Lórí igi ẹlẹ́gùn-ún kan níwájú wa, ẹyẹ kékeré tí ọ̀fun rẹ̀ funfun ń kọrin kíákíá, bí ìyàwó tó ń rojọ́ ọkọ. Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá wò wá lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà, ojú sì ń tì mí gidigidi.

"Àbẹ̀kẹ́, kí wọn," ó ní. "Àlejò tó ti ọ̀nà jíjìn dé, a kì í wò ó níran."

Mo kí wọn lábẹ́ ẹnu, kí ará ilé ìwé mi kankan má baà gbọ́.

Ará Èkìtì ni, ohùn Èkìtì kò sì kúrò lẹ́nu rẹ̀ títí ó fi kú. Ó wá sí London láti bá àwọn òbí mi tọ́ wa, nítorí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni màmá mi ń ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì ni bàbá mi ń wà, kì í sì í sí èyí tó wà nílé nínú wọn láàárọ̀. Kí a tó jáde, á po ògì gbígbóná sínú fíláàsì. Tí a bá dé orí àga gbọọrọ tó wà nínú pápá, á ṣí ìdérí rẹ̀, èéfín á bo gíláàsì ojú rẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe ìfẹ́ ẹyẹ ló kọ́kọ́ gbé e débẹ̀. Àbíkẹ́yìn rẹ̀, àbúrò bàbá mi, ti gba ọ̀nà aṣálẹ̀ kí ó lè wá bá wa. Agadez, ìlú kan ní Niger létí aṣálẹ̀ náà, ló ti pe fóònù gbẹ̀yìn. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wùùwùù lẹ́yìn ohùn rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ gbàdúrà fún mi, ọ̀la la máa wọ aṣálẹ̀." A kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Màámá àgbà wá ń lọ sínú pápá lárààárọ̀ láti gbàdúrà fún un, kò sì sí ẹni tó láyà láti pe ọmọ náà ní olóògbé létí rẹ̀.

Inú pápá náà la ti pàdé bàbá òyìnbó kan tó máa ń gbé awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́ ọrùn. Nígbà ìrúwé kan, Màámá ní kí n bi í ohun tó ń wò. Ó nawọ́ sí ẹyẹ ọlọ́fun funfun náà. Ó ní kò wúwo tó ìdajì ẹyin adìyẹ, síbẹ̀ apá gúúsù aṣálẹ̀ ló ti ń bọ̀, àwọn mìíràn tiẹ̀ ń ti apá àríwá Nàìjíríà wá, wọ́n á fò kọjá lórí yanrìn náà láti wá pa ọmọ níhìn-ín. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún Màámá.

"Aṣálẹ̀ yẹn náà? Èyí tó kéré yìí?" Ó rẹ́rìn-ín sókè, irú ẹ̀rín tí n kò tíì gbọ́ látìgbà tí fóònù ti dákẹ́. "Ọmọ mi náà ń bọ̀ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ló ti ń kí wọn káàbọ̀.

Ìgbà ìrúwé ń lọ, òmíràn ń dé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bàbá mi ti ibi iṣẹ́ dé, kò bọ́ kóòtù. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́. It's been too long. Àwọn alàgbà ní ká ṣe memorial service fún un, kí ọkàn gbogbo wa lè settle."

Màámá gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ẹyẹ ń gba ibẹ̀ kọjá. Ṣé ọmọ mi kò tó ẹyẹ ni?"

Bàbá mi wọ yàrá lọ. Mo gbọ́ tó ń fun imú. Àbúrò rẹ̀ ni, òun náà ń ṣọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n kò rí àyè ṣe é.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Màámá kò mu ògì. Ó dúró níwájú bàbá òyìnbó náà. "Bi í fún mi. Ṣé gbogbo wọn ló ń dé?"

Mo bi í. Ó bọ́ fìlà, ó wo ojú Màámá. Mo rò pé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju ọ̀rọ̀ ẹyẹ lọ. Ó dáhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò fẹ́ kí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ẹnu mi jáde.

"Àbẹ̀kẹ́, má bomi là á. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́."

"Ó ní rárá, Grandma. Ó ní púpọ̀ nínú wọn máa ń kú sínú desert yẹn. Wọ́n á já sínú yanrìn, nobody kì í rí òkú wọn."

Ẹyẹ náà kò dákẹ́ orin. Màámá wọ bàtà rẹ̀, a sì lọ sílé. Nígbà tí bàbá mi dé, Màámá sọ fún un pé, "Ẹ lọ ṣe ìsìn yín."

Òbí kì í sin ọmọ. Nítorí náà, ní ọjọ́ ìsìn, gbogbo ilé wọ sùtánà funfun lọ, wọ́n fi èmi pẹ̀lú rẹ̀ sílẹ̀. A padà sínú pápá. Kò kí ẹyẹ kankan. Nígbà tó ṣe, ó ní, "Wọ́n á ti bẹ̀rẹ̀ báyìí," omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Lójú tèmi, ẹnu mi ló pa bàbá mi kékeré. Mo dìde kí n sá lọ sí etí adágún omi tó wà nínú pápá náà. Ó di apá aṣọ mi mú.

"Níbo lò ń lọ? Àwọn àgbà ní, ọmọ mi kú, ó yá ju ọmọ mi nù lọ. Ọmọ mi ti nù tipẹ́. Ìwọ lo bá mi rí i."

Mo jókòó tì í títí ẹkún fi tán lójú rẹ̀.

Ó ti di ẹni ilẹ̀ báyìí, àwa ọmọ la sì sin ín, bó ṣe yẹ kó rí. Iṣẹ́ mi lónìí ni kí n máa túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún àwọn ará wa ní ilé ìwòsàn. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ náà máa ń korò, tí ará ilé aláìsàn á sì máa wo ẹnu mi bíi pé èmi ni mo dá a sílẹ̀. Mo máa ń sọ ọ́ bó ṣe rí. Dókítà á jáde, nọ́ọ̀sì á jáde, wọ́n á ní iṣẹ́ mi ti parí. Èmi á fa àga sún mọ́ wọn, n óò jókòó.