Orúkọ Tí Oyèdìran Gbá Dànù

Bí ẹ bá mọ Oyèdìran ọmọ Ìlọfà, tíṣà ìṣirò tó ń gbé ní Òsí, ẹ ó mọ̀ pé ọkùnrin náà kórìíra ìdọ̀tí. Á gbá iwájú ilé rẹ̀ tán, á tún gbá ti aládùúgbò mọ́ ọn, aládùúgbò á sì máa bínú. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nídìí kọ̀ǹpútà. Ọdún tí gbogbo ayé ń páyà pé kọ̀ǹpútà yóò ya wèrè bí ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun bá dé, ọmọ ìjọ kan tó wà lókè òkun fi kọ̀ǹpútà kan ta ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́rẹ. Wọ́n fa wáyà tẹlifóònù wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn sì ń ti Odò-Ọwá àti Erúkù wá wo íńtánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Oyèdìran ni wọ́n fi ṣe olórí yàrá náà. Ṣọlápé, ìyàwó Adégbóyèga, ló ń bá a tẹ iṣẹ́.

Búráúsà, ìyẹn fèrèsé tí wọ́n fi ń wo íńtánẹ́ẹ̀tì, kò mọ̀ pé àwọn tó ń lo òun pọ̀. Àmì tí oníkálukú fi sí ojú ìwé tó fẹ́ padà wá wò a máa dàpọ̀ mọ́ ti ẹlòmíì, gbogbo rẹ̀ a di àdàlú. Oyèdìran bá jókòó, ó fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ àfikún kan tó gun búráúsà náà lórí, bọ́tìnì kékeré kan báyìí. Tẹ bọ́tìnì, kọ orúkọ ẹni tó ni í, àdírẹ́sì ojú ìwé náà ti wọ àpò rẹ nìyẹn. Kíkọ rẹ̀ kọ́ ni iṣẹ́ o, títọ́jú rẹ̀ ni. Bí búráúsà tuntun bá ti dé, àfikún a yarọ, Oyèdìran a sì tún bẹ̀rẹ̀. Síbẹ̀ ó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ yangàn. Bó bá rí ẹni tó ń fi bírò kọ àdírẹ́sì sílẹ̀, á ní, "Kí lẹ tún ń da ara yín láàmú sí? Ẹ tẹ bọ́tìnì." Ojú á ti onítọ̀hún, á dé bírò rẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan tí òjò kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá, ó ń tún àfikún náà ṣe. Ìdọ̀tí tó rí nínú àwọn àpò náà mú inú bí i. Ẹnì kan kọ "Ìdánwò", ẹnì kan kọ "Mò-ń-bọ̀", ẹnì kan sì kàn tẹ A lọ bí ẹni tó ń sùn. Ló bá pa àṣẹ pé gbogbo àpò tí orúkọ rẹ̀ bá yàtọ̀ sí orúkọ àwọn tó forúkọ sílẹ̀ ní yàrá náà, kí ó pa á rẹ́. Kó tó tẹ̀ ẹ́, ó rí ọ̀kan tó ń jẹ́ "Ìbàdíàrán". Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ni ìyá ẹ̀ sọ lórúkọ báyìí?" Ó tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ibẹ̀ mọ́ tónítóní, ó sì sùn dáadáa.

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ti mọ́, Ṣọlápé wọlé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀ àti Princess, àbúrò ọkọ rẹ̀. Princess ò tíì pé ogún ọdún, ṣùgbọ́n àìsàn ọkàn ti sọ ọ́ di ẹni tí kì í rìn jìnnà kó má jókòó. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì. Ọsibítù kan lókè òkun ti gbà láti ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ọsibítù náà fún un ní ojú ìwé tirẹ̀ nìkan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ní kí àwọn ará ilé rẹ̀ pa àdírẹ́sì rẹ̀ mọ́, nítorí kò sí ọ̀nà mìíràn tí wọ́n lè gbà débẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yìí gan-an ni wọ́n gbọ́dọ̀ fèsì níbẹ̀ pé àwọn ń bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹlòmíì ni yóò gba ipò rẹ̀.

Oyèdìran wá orúkọ Princess. Kò rí i. Ó tún un wá.

"Ṣọlápé, ṣé o fi pamọ́ lóòótọ́?"

"Mo fi pamọ́, ọ̀gá. Ẹ̀yin náà wà níbí."

"Kò sí Princess kankan níbí."

Ṣọlápé wo ìyá ọkọ rẹ̀, ó sì dorí kodò. "N ò kọ bẹ́ẹ̀ yẹn, ọ̀gá. Ìbàdíàrán ni mo kọ."

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́. Wọ́n ti bí Princess sínú ilé kí wọ́n tó gbé Ṣọlápé wọ̀ ọ́. Ẹnu wo ni ìyàwó yóò fi pè é lórúkọ? Ìbàdíàrán ló ń pè é láti ọjọ́ tó ti dé, ohun tí ẹnu rẹ̀ ò sì lè pè, ọwọ́ rẹ̀ ò lè kọ ọ́. Ọmọ Ìlọfà ni Oyèdìran, àwọn ìyàwó ilé bàbá rẹ̀ kò pe òun náà lórúkọ rí. Ó yẹ kó mọ̀. 

"Mo ti pa á rẹ́," ló wí. "Lánàá."

Ìyá Princess kò mọ kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ó mọ ojú ẹni tó ti ba nǹkan jẹ́. "Tíṣà, urú kí lo ṣe fún mi yìí? Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí mo ní nínú ulé!"

Oyèdìran pariwo pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan nǹkan kan. Kọ̀ǹpútà kì í pa nǹkan rẹ́ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ńṣe ló ń jẹ lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ rẹ̀, tí á sì sọ ààyè rẹ̀ di ilẹ̀ òfìfo tí ẹnikẹ́ni lè kọ́lé sí. Bí nǹkan mìíràn bá ti kọ́lé síbẹ̀, ó parí. Akọ̀wé ìjọ sì ti wá tẹ ètò ìsìn ọjọ́ Àìkú lálẹ́ àná nígbà tí òjò dá. Oyèdìran pa gbogbo fèrèsé, ó wọ ojú dúdú ti àtijọ́ níbi tí wọ́n ti ń pàṣẹ pẹ̀lú lẹ́tà nìkan, ó sì ní kí kọ̀ǹpútà máa ka àwọn òkú, ìyẹn àwọn àpò tó ti pa rẹ́, fún òun. Ó ka èyí àkọ́kọ́, ó ní kò ṣeé jí. Ó ka òmíràn, kò ṣeé jí. Ètò ìsìn ti jókòó lé wọn lórí.  Lẹ́yìn náà ni èyí tí wọ́n ń wá yọ, orúkọ rẹ̀ kò lórí, kò sì nídìí, nítorí ojú dúdú yẹn kì í gba orúkọ gígùn. Kọ̀ǹpútà béèrè lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Oyèdìran tẹ I. Ó jí.

Ẹ má tíì yọ̀. Òjò àná ti ba wáyà tẹlifóònù tí íńtánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé jẹ́. Wọ́n pè, ó ké, ó já. Wọ́n tún pè, ó tún já. Ọ̀sán pọ́n, oòrùn ń wọ̀, Princess ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí bẹ́ǹṣì. Oyèdìran wá ṣàkíyèsí pé bí òun bá fọwọ́ di wáyà náà mú lẹ́yìn ẹ̀rọ, kì í já. Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn tábìlì, ó di í mú gírígírí, ojú ìwé náà sì ṣí. Ohun kan ṣoṣo ló béèrè: orúkọ aláìsàn.

"Ṣọlápé, tẹ̀ ẹ́!"

Ọwọ́ Ṣọlápé wà lórí bọ́tìnì, kò lọ.

"Tẹ̀ ẹ́, ó ń já lọ́wọ́ mi!"

Kì í ṣe òmùgọ̀ o, ẹ má bú u. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló dúró tì í yìí, Princess fúnra rẹ̀ sì ń wò ó. Omijé ń bọ́ sórí ọwọ́ rẹ̀. Ìyá àgbà náà wò ó, ohun tó ń ṣe é wá yé e. Ló bá kúnlẹ̀, ìyá ọkọ, níwájú ìyàwó.

"Ọmọ mi, mo bẹ̀ ọ́. Pè é."

"Princess," ni Ṣọlápé wí. Ó sì tẹ̀ ẹ́, lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, ó fi ránṣẹ́.

Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni èsì yọ pé wọ́n ti gbọ́, àwọn ń retí rẹ̀. Oyèdìran kò lè fi wáyà sílẹ̀, ẹ̀rù ṣì ń bà á pé bí òun bá jù ú sílẹ̀, èsì náà á padà síbi tó ti wá. Ìyá Princess ò tíì dìde nílẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ṣọlápé bojú, kò lè wo ẹnikẹ́ni.

"Ìyàwó," ni Princess pè é láti orí bẹ́ǹṣì, pẹ̀lú ìwọ̀nba èémí tó kù lẹ́nu rẹ̀, "má tún pè mí bẹ́ẹ̀ yẹn mọ́ o."

"Ẹ má bínú. Kí ni kí n máa pè yín?"

"O mọ orúkọ mi."