Aago Tó Ń Ka Ẹsẹ̀ Jemimah

Láti ìgbà tí rọpárọsẹ̀ ti dá Boniface dùbúlẹ̀ nílé wọn ní Idasen, Jemimah ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé e dìde, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń yí i padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dégbò. Òun alára sì ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Nígbà tí dókítà l'Ọ́wọ̀ sọ pé ẹ̀jẹ̀ Jemimah ń ru, pé kó máa rìn dáadáa, Tinúọlá ọmọ rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì l'Ákùúrẹ́, ra aago ọwọ́ kan fún un. Aago náà ń ka ìgbésẹ̀, ó sì ń fi ohun tó bá kà ránṣẹ́ sórí fóònù Tinúọlá. Bí kò bá rí ìgbésẹ̀ kà, á máa gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ ìyá náà pé kó dìde.

"Ìgbà wo ni mo tiẹ̀ jókòó?" ni Jemimah máa ń kùn.

Lọ́jọ́ kan, Tinúọlá pè é. "Mọ́mì, ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ rìn lọ́sẹ̀ yìí. Ṣé ẹ bọ́ aago yẹn sílẹ̀ ni?"

"Ó wà lọ́wọ́ mi."

"Ẹ kàn ń jókòó ṣá nìyẹn?"

Boniface ti tọ̀ sára. Jemimah gbé fóònù sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ.

Ara Tinúọlá ò lélẹ̀, ló bá wálé lọ́jọ́ Sátidé. Ó bá ìyá rẹ̀ tó fi orúnkún kan gun bẹ́ẹ̀dì, tó ti apá méjèèjì bọ abẹ́ abíyá bàbá rẹ̀, tó ń fà á sókè, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó sáré dì í mú lódì kejì. Kí wọ́n tó gbé Bàbá jókòó sórí àga, òógùn ti bo àwọn méjèèjì. Tinúọlá wo aago. Aago náà ò ka ìgbésẹ̀ kankan kún un.

"Mọ́mì, ẹ má bínú."

"Mi ò bínú, Tinú. Ó rẹ̀ mí ni."

Kí Tinúọlá tó padà, ó bẹ Christopher, ará àdúgbò tó ti ṣiṣẹ́ rí ní wọ́ọ̀dù ọsibítù, pé kó máa wá wẹ Bàbá láràárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní tí Christopher wá, Jemimah jáde sójú ọ̀nà oko. Kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ òfìfo rẹ̀ ṣe. Ó rìn díẹ̀, ó jókòó sórí ìtì igi kan, ó bú sẹ́kún. Nígbà tó sun ún tán, ó dìde, ó tún rìn síwájú.

Nígbà tó délé, Bàbá ti wẹ̀, ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"O pẹ́," ló fi ẹnu wíwọ́ sọ.

"Mo pẹ́ lóòótọ́," ni Jemimah wí, ó sì jókòó tì í.