Ike Fítámì Tó Bá Ẹrù Nàìjíríà Lọ

Ìró oògùn nínú ike ni mo kọ́kọ́ máa ń rántí tí mo bá ronú kan àkókò yẹn. Bí mo bá ti gbé àpò mi báyìí, á máa dún ṣàkàṣàkà, á sì dà bíi pé gbogbo Alief, àdúgbò wa ní Amẹ́ríkà, ló ń gbọ́ ọ. Ni mo bá ki òwú bọ ojú ike náà kó lè dákẹ́. Mo rò pé ọlọ́gbọ́n ni mí! Ilé àbúrò bàbá mi obìnrin ni mò ń gbé nígbà yẹn. Àǹtí là ń pè wọ́n, daycare ni wọ́n sì ń bójú tó. Àwọn ló gbà mí sílé nígbà tí mo wá kàwé, wọ́n kàn ní kí n máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì, kí n má sì kó ìtìjú bá wọn.

Ọkùnrin ni ọkàn mi máa ń fà sí. Mo ti mọ̀ láti ilé, mi ò kàn sọ fún ẹnikẹ́ni ni. Ọ̀rẹ́ mi kan ní yunifásítì, ọmọ dúdú Amẹ́ríkà tí òun náà rí bíi tèmi, ló sọ fún mi nípa PrEP, ìyẹn oògùn tí ẹni tí kò ní HIV máa ń lò lójoojúmọ́ kó má baà kó o. Ó sọ ọ́ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Á ní, "Àwa ọkùnrin dúdú ni àìsàn yìí ń bá fínra jù níbí, àwa náà la tún ń sá fún oògùn ẹ̀." Kì í ṣe oògùn ló ń bà mí lẹ́rù. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá ń gbé e mì láràárọ̀, àràárọ̀ ni màá máa jẹ́wọ́ fún ara mi irú ẹni tí mo jẹ́.

Nígbà tí mo gbà níkẹyìn, clinic tó jìnnà réré sí Alief ni mo wá lọ, kí ọmọ Nàìjíríà kankan má baà rí mi. Ẹ wò ó, obìnrin tó fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ lára mi wo orúkọ mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o. Ìlú ibo lẹ ti wá?" Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bẹ́ gba ojú fèrèsé. Ó rọra ṣàlàyé pé àwọn gbọ́dọ̀ yẹ kíndìnrín mi wò, torí pé oògùn náà lè ṣe ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa ní jàǹbá. Mò ń mi orí, ọkàn mi ti wà nínú mọ́tò.

Ara mi ò balẹ̀ síbẹ̀. Mo da oògùn náà sínú ike fítámì, àti òwú àti gbogbo ẹ̀, mo gbé e sí báluwẹ̀. Ta ló ń wo fítámì? Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé fítámì gan-an ni Àǹtí ń wò. Ọdọọdún ni wọ́n ń kó o jọ fún àwọn àgbà ilé, kò sì sí ẹni tó ń lọ sí Nàìjíríà tí ẹrù wọn kì í bá lọ.

Ní Sátidé kan, mo wọ báluwẹ̀, mi ò rí ike.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, fítámì mi dà?"

"Mo ti fi ránṣẹ́ sí bàbá ẹ. Òwú ẹ̀ ṣì wà lójú ẹ̀, o ò tíì fọwọ́ kàn án. Ìwọ tó o lè dá jẹ odidi ìkòkò ìrẹsì, kí lo fẹ́ fi fítámì ṣe?"

Ó ti pẹ́ tí kíndìnrín ti ń yọ bàbá mi lẹ́nu. Ẹrù sì ti wà ní ìlú Humble, nílé ìyá ìjọ kan tó máa wọkọ̀ òfuurufú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ní, "Àǹtí, ó ti expire." Wọ́n kọ hà. "Fítámì? Àwọn òyìnbó ló ń sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n lè ta òmíràn." Mo rò ó pé kí n pe bàbá mi kí n ní kí wọ́n má lò ó, ṣùgbọ́n bàbá mi kì í da oògùn Amẹ́ríkà nù. Tí wọn ò bá lò ó, wọ́n á fún aládùúgbò. Mo mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò.

"Mò ń lọ gbà á ní Humble."

"Nítorí fítámì?" Àǹtí wò mí látòkèdélẹ̀. Wọ́n so ìborùn, wọ́n mú báàgì, wọ́n wọ mọ́tò. "Ṣé o mọ ilé wọn ni?"

Lórí freeway, mò ń já sí ọ̀tún, mò ń já sí òsì. "Rọra o! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?" Wọ́n yíjú sí mi. "Kí ló wà nínú ike yẹn?"

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ irọ́ ló wá sí mi lẹ́nu. Bí mo bá sọ òótọ́, ibo ni màá sùn? Ọ̀rọ̀ náà á dé etí bàbá mi kí ẹrù tó dé. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́ ńkọ́?

"Oògùn ni, Àǹtí. Kò gbọ́dọ̀ dé ẹnu bàbá mi, nítorí kíndìnrín wọn. Oògùn tí kì í jẹ́ kéèyàn kó HIV ni."

"Yéè! Jésù! O ti kó o?"

"Rárá o. Kí n má baà kó o ni."

"Ibo lo ti fẹ́ kó o? Obìnrin wo lò ń bá rìn?"

"Kì í ṣe obìnrin, Àǹtí."

Ẹ̀rù bà mí débi pé mi ò mọ ibi tí mò ń lọ mọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "O ti kọjá exit wa." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní Humble, wọ́n ti wọn ẹrù tán, wọ́n ti tì í pa. Ìyá ìjọ ń ṣàròyé, Àǹtí ń tú u. Wọ́n kúnlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń kó bàtà àti ọṣẹ síta títí wọ́n fi rí ike náà. "Oògùn ọmọ mi ni. Èmi ni mo ṣèèṣì kó o mọ́ ẹrù."

"Ẹ̀n-ẹ́n? Kí ló ń ṣe é?"

Mo wo ilẹ̀.

"Kò sóhun tó ń ṣe é. Ara ẹ̀ le." Wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́ lójú gbogbo ilé.

Bá a ṣe ń padà, wọ́n sunkún. "Mi ò fara mọ́ ọn o, kí n má purọ́ fún ẹ. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni màá gbé òkú ẹ lọ fún ẹ̀gbọ́n mi." Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n fi ohùn tí wọ́n fi ń bá àwọn ọmọ daycare wí béèrè pé: "Ṣé o ti lo oògùn ẹ?" Bẹ́ẹ̀ náà ni láràárọ̀. Ó máa ń bí mi nínú, mo sì máa ń lò ó. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní àǹtí mi ló yẹ kí àwọn clinic máa gbé kiri láti polongo oògùn náà, kì í ṣe ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri.

Gulfton ni mò ń gbé báyìí, nínú apartment tèmi. Àǹtí ò tíì béèrè orúkọ ẹni tí mò ń fẹ́ lọ́wọ́ mi rí, ó sì ń dùn mí. Tí orúkọ wọn bá hàn lórí fóònù mi, àyà mi ṣì máa ń já. Wọ́n pè mí ní Sunday tó kọjá lẹ́yìn ìsìn, wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹnì kan wà nínú kọ́áyà wa. Irú ẹ ni. Mo ti fún un ní nọ́ńbà ẹ. Ẹ̀rù ń bà á láti dá lọ sí clinic yẹn. Bá mi mú un lọ."

Mo béèrè ẹni tó jẹ́. Wọ́n ní, "Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ fún ẹ. Èmi ò ní sọ ọ́."

Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, omi bọ́ lójú mi. Ẹni náà ò tíì pè. Mò ń gbé fóònù mi lọ sí báluwẹ̀, mò ń gbé e lọ sí kíṣìnì, mi ò jẹ́ kó kú.