Kòkòrò Oníwo tó Wọ Àgbọn Wa

Nígbà tí àgbọn àdúgbò wa ní Fẹ́sítàkì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, kí ẹnikẹ́ni tó wádìí ni màmá mi ti mọ ẹni tó fà á. Àlájì ni: aládùúgbò wa, ọmọ onílẹ̀ Àmùwò, tí àgbọn tirẹ̀ àti tiwa jọ fara ti ògiri kan náà.

"Àgbọn yín ló kó kòkòrò ran tèmi," màmá mi ké sí i. "Ẹ kì í tọ́jú nǹkan!"

"Màmá, tèmi gan-an ń kú lọ. Ṣé mo fẹ́ kó o ran ara mi ni?"

Kòkòrò náà dúdú, ó ń dán, ó níwo kan lórí. Ó ń lu ihò sí ọ̀mùnú àgbọn, á jẹ ewé kó tó là. Bí ewé bá wá yọ, á rí wúruwùru bí èyí tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé.

Bàbá mi ló gbin tiwa kó tó kú. Bí màmá mi ṣe ń pariwo yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á.

Àlájì ló pe òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan wá, ọ̀dọ́bìnrin tó wọ bùtù òjò. Ó wo igi méjèèjì títí. "Mọ́mì, ibo lẹ ń da ìdọ̀tí ọgbà yín sí?"

Màmá mi yan lọ sẹ́yìn ilé, gbogbo wa tẹ̀ lé e dé ibi òkìtì ajílẹ̀ tó fi ń yangàn: èèpo iṣu, ewé jíjẹrà, ìyẹ̀fun pákó tó máa ń gbà lọ́dọ̀ káfíńtà. Obìnrin náà ti ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́. Ìdin funfun, tó sanra bí àtàǹpàkò, ń yí gbirigbiri nínú rẹ̀.

"Ọmọ kòkòrò yẹn nìyí. Ibí ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i, mà," ó sọ jẹ́jẹ́.

"Àlájì, ẹ má rẹ́rìn-ín o," màmá mi kìlọ̀.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín?" Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Àgbọn Àlájì ti kọjá àtúnṣe. Wọ́n gé e, wọ́n sun ún. A tú òkìtì náà ká sínú oòrùn, àwọn adìẹ Àlájì sì jẹ ìdin yó. Láràárọ̀, èmi tí òkè ń dẹ́rù bà ni mo ń gun àkàbà, tí mo ń fi wáyà fa kòkòrò jáde nínú ihò. Àlájì á di àkàbà mú, màmá mi á máa pàṣẹ nílẹ̀ bíi tíṣà nínú kíláàsì.

Nígbà tí ewé tuntun yọ láìní àbùkù, màmá mi hú ọmọ àgbọn kan tó hù lábẹ́ tiwa, ó gbé e lọ fún Àlájì fúnra rẹ̀. Kò tọrọ àforíjì.

"Ẹ máa bomi rin ín," ó ní. "Kí ẹ má tún pa èyí."

Àlájì fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Mo gbọ́, Màmá. Ẹ ṣé gan-an ni."