Àtúnṣe tí N kò Kà Sókè

Èmi ni mo ń kọ ọ̀rọ̀ owó sínú ìwé kékeré tí mọ́sálásí wa ní Ìsẹ́yìn ń tẹ̀ lóṣooṣù. Bí a bá kírun Jímọ̀ tán, mo máa ń kà á sókè fún àwọn àgbà tí kò mọ̀wé.

Lóṣù kan, mo yin ẹgbẹ́ àfowópamọ́ kan láìwádìí wọn. N kò sì sọ pé àwọn ló sanwó ìtẹ̀wé wa. Nígbà tí mo gbọ́ pé wọn kì í dá owó padà, ojú tì mí. Mo kọ àtúnṣe sẹ́yìn ìwé oṣù tó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n n kò kà á sókè.

Lẹ́yìn èyí ni bàbá kan tó ń hun aṣọ òkè kó owó òwú rẹ̀ fún wọn, wọ́n sì sá lọ. Mo mú àtúnṣe náà lọ hàn án nídìí òfì rẹ̀ tó ṣófo.

Ó ní, "Ààfáà, ẹnu yín ni mo fi ń kàwé. Ẹ̀yin lẹ dákẹ́."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé bàbá náà ṣì ń kí mi. Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ka àtúnṣe náà sókè. Iwájú ló jókòó sí, ó ń gbọ́ ohun tó ti mọ̀.