Alágẹmọ Tí Ìyàwó Mi Bá Nílé

Alágẹmọ kì í di èèyàn mú bí alángbá. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó là sí méjì yẹn ló fi ń gbá ìka ẹni mú, á tutù, á sì le, bí ìgbà tí ọmọ tuntun bá di ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ mú. Mo ṣì ń rántí bó ṣe rí lára mi. Orí igi obì kan lọ́nà Alajue ni mo ti rí i. Mo nawọ́ sí i, ó gun ọwọ́ mi, mo bá gbé e wálé. Àpọ́n ni mí nígbà náà, ìgbéyàwó mi ku díẹ̀, òyìnbó ò tíì lọ. Alápatà ni mí. Eṣinṣin ò kúrò nínú yàrá mi nítorí ẹran, mo ní kí alágẹmọ máa bá mi jẹ wọ́n.

Nínú agbo ilé wa l'Ẹ́dẹ, kò sẹ́ni tó gbà pé nítorí eṣinṣin ni. Ẹni tó bá gbé alágẹmọ wọlé, oògùn ló fẹ́ fi ṣe. Ìyá mi wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ta lo fẹ́ fi mú?” Mo ní kò sẹ́nì kan. Wọ́n ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń wí.” Láti ọjọ́ náà làwọn ará ilé ti ń bo ìkòkò ọbẹ̀ wọn bí mo bá ń kọjá.

Mo gbé ẹ̀ka igi kan há igun yàrá fún un. Mo bu omi sínú àwo, kò tilẹ̀ wo ibẹ̀. Ó ti ń rù kí n tó mọ̀ pé omi tó bá kán sórí ewé nìkan ló ń lá. Mo wá ń wọ́n omi sórí ewé láràárọ̀, mo ń mú tata wá fún un, kí n tó lọ sí ìsọ̀ ẹran.

Ìyàwó mi dé láti ìlú Ara. Ìyá mi pè é jókòó, wọ́n ní obìnrin tó bá ń retí ọmọ kì í fọwọ́ kan alágẹmọ, kí ọmọ má baà máa rìn gbọ̀n-ọ́n-gbọ̀n-ọ́n bíi tiẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó ní òun ti gbọ́. Ìyàwó tó mọ àṣà ni. Ìyàwó kì í pe orúkọ ẹni tó bá bá nílé ọkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́, orúkọ tiẹ̀ ló máa sọ wọ́n. Ó pe àbúrò mi ní Ìbàdí-Àrán. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ò tíì hu eyín, ó pè é ní Eyínfúnjowó.

Ọkùnrin kan gba yàrá iwájú lọ́wọ́ wa, aṣọ ló ń tà. Aláṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ó mọ aṣọ wọ̀, ó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ó tún ní èjí. Bí ìyàwó mi bá kí i, mo máa ń fetí sí bí ìkíni náà ṣe gùn tó.

Nígbà tó yá, mo rí i pé alágẹmọ mi ń sanra, bẹ́ẹ̀ tata ìwọ̀nba ni mò ń fún un. Bí mo bá dé lọ́sàn-án, màá bá omi lórí ewé, òjò ò sì rọ̀ sínú yàrá. Mo bi ìyàwó mi, ó ní òun ò sún mọ́ ọn. A jẹ́ pé ẹlòmíì ń wọ yàrá mi. Àwọn àgbà ní páńsá ò fura, páńsá já síná. Èmi fura.

Lọ́jọ́ kan, ẹran mi tètè tán. Mo gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, mo bá fèrèsé wa ní títì. Mo gbọ́ ohùn ìyàwó mi nínú yàrá, ohùn jẹ́jẹ́ tí kò fi bá mi sọ̀rọ̀ rí.

“Aláṣọ mi, ẹ sún mọ́ ibí. Ẹ bọ́ dúdú yìí, kò yẹ yín. Èyí tí ẹ wọ̀ láàárọ̀ ni mo fẹ́ràn.” Mo sún mọ́ fèrèsé. “Ẹ má gbọ̀n. Ọkọ mi ò tíì ní í dé. Ẹ tètè jẹun kí ìyá má baà bá mi níbí.”

Òórùn ẹran ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo rò ó lórí ìdúró pé lónìí náà ló máa padà sí Ara, n ò ní jà, n ò ní pariwo. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ tí màá bá bàbá rẹ̀ sọ. Mo ti ilẹ̀kùn wọlé. Ó yára fi ìborùn bo àyà. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo tún ṣí ìkòkò omi wò, bí ẹni pé odidi ọkùnrin lè wọ ìkòkò.

“Ta ni Aláṣọ?”

Ó di ìborùn náà mú dan-in.

“Mo ní ta ni Aláṣọ? Mo gbọ́ yín.”

Ìborùn mì. Ẹsẹ̀ kan yọ, ó nà án síwájú, ó fà á sẹ́yìn, ó tún nà án. Alágẹmọ gun èjìká rẹ̀, ojú kan ń wò ó, ojú kan ń wò mí.

Ó kúnlẹ̀. “Àwọn ni.”

“Àwọn wo?”

“Àwọn yìí. Mo bá wọn nílé ni, mi ò lè pè wọ́n lórúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ìyá.” Ó ní àwọn obìnrin ilé kì í jókòó ti òun, nítorí oògùn tí wọ́n ní ó wà ní yàrá wa. Òun ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀ lọ́sàn-án. Ó wá wojú mi. “Ta lẹ rò pé ó jẹ́?”

À ń gbọ́ aláṣọ níwájú ilé, ó ń búra fún oníbàárà pé aṣọ òun kì í ṣá. Ìyàwó mi gbọ́ ọ. Èmi náà gbọ́ ọ. Kò tún bi mí mọ́. Ó dìde, ó lọ gbé oúnjẹ wá.

Nígbà tójò bẹ̀rẹ̀, alágẹmọ gba ojú fèrèsé lọ, ó ń tẹlẹ̀ bí ẹni tí ilẹ̀ ò dá lójú. A ò rí i mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìyàwó mi kí mi, ó ní, “Aláṣọ mi, ẹ káàárọ̀.” Mo ní kí ló dé. Ó ní ẹni tó ni orúkọ ti lọ, pé ojú mi dúdú lọ́jọ́ tí mo ń wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó pọ́n, ó tún di eérú lójú kan náà, èmi ló yẹ kí n jogún rẹ̀. Orúkọ tó pè mí títí nìyẹn. Ó bí ọmọ. Nígbà tọ́mọ náà ń kọ́ ìrìn, ìyá mi tẹjú mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń gbọ̀n díẹ̀. Gbogbo ọmọ ló ń gbọ̀n. Bàbá ẹni tó ń bá mi kọ èyí ni.

Ìyàwó mi ò sí mọ́. Ní Jímọ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan di aṣọ sẹ́yìn ọ̀kadà, ó ń polówó kọjá lójúde wa. Obìnrin kan pè é láti òdìkejì: “Aláṣọ!”

Mo ti dáhùn.