Bí Bàbá Kékeré Ṣe Gé Yúróòpù Sí Mẹ́ta

Télọ̀ ni àbúrò bàbá mi. Bàbá Kékeré ni mò ń pè é. Fara-balẹ̀ ni àwọn oníbàárà ń pè é, torí pé tí o bá gbé aṣọ wá lónìí tí o ní ọ̀la lo fẹ́ wọ̀ ọ́, á bi ọ́ pé ṣé o ò ní òmíràn ni.

Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ kan náà. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ò fẹ̀. Tábìlì tó fi ń géṣọ ló gba ibẹ̀ tán. Tí oníbàárà méjì bá wọlé, ọ̀kan á dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ìgò bọ́tìnnì wà lójú fèrèsé, wọ́n tó ogún, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú ìgò tirẹ̀. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọ pé lọ́jọ́ ìgbéyàwó àwọn, òun lòun yọ ọ́ kúrò lọ́rùn rẹ̀ kí wọ́n tó ya fọ́tò.

Bàbá mi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Awakọ̀ tírélà ni. Wọn ò jọra rárá. Bàbá mi ò lè jókòó. Tó bá sùn lẹ́ẹ̀mejì níbì kan, á ní ara ń ro òun. Bàbá Kékeré ò sì fẹ́ràn ìrìn. Tí wọ́n bá rán an dé òpin àdúgbò, á kọ́kọ́ wò yíká bóyá ẹlòmíì wà ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Bàbá mi ló ń pinnu, Bàbá Kékeré ló ń tẹ̀ lé e. Bàbá mi ló ní kó kọ́ṣẹ́ télọ̀. Bàbá mi ló yan ṣọ́ọ̀bù. Ìyàwó nìkan ló dá yàn, ìyàwó náà sì ní irọ́ ni, òun lòun yàn án.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi ní àwọn máa lọ sí Yúróòpù, òun àti àbúrò òun, ọjọ́ méjìlá gbáko. Ó sanwó fún obìnrin kan tó ń ṣètò ìrìn-àjò. Ó wá kọ ìlú méje sẹ́yìn kàlẹ́ńdà: Párísì, Brọ́sẹ́lì, Amsterdamù, Bẹ̀líìnì, Fíẹ́nà, Róòmù, Lísíbọ́nù. Ó fa ìlà méjì sábẹ́ Lísíbọ́nù. Ó ní ibẹ̀ ni ọ̀nà parí sí, pé láti ìgbà tóun ti ń wakọ̀, òun ò tíì débi tí ọ̀nà parí sí rí.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ló kú. Àìsàn ọjọ́ mẹ́rin. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ní kí n lọ dípò rẹ̀, torí ìyá mi ò ní wọ bàálù láéláé.

Lọ́jọ́ Ajé kan, obìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì yẹn pè wá. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà kan, àtẹ̀gùn rẹ̀ tóóró. Ó wo kàlẹ́ńdà, ó wò wá. Ó ní ìlú méje nínú ọjọ́ méjìlá, ojú fèrèsé ọkọ̀ la ti máa rí gbogbo ẹ̀. Ó ní ká lọ yan mẹ́ta, kó má ju mẹ́rin lọ, ká mú un wá lọ́jọ́ Ẹtì kóun tó ti ọ́fíìsì. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, àwọn yàrá tóun ti mú sílẹ̀ á bọ́, ìrìn-àjò náà á sì di ọdún mìíràn, tó bá ṣì ṣeé ṣe.

Bàbá Kékeré ní kó fi í sílẹ̀ bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe kọ ọ́.

Obìnrin náà fi gègé sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá, awakọ̀ ni ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá Kékeré gba kàlẹ́ńdà lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, ó sọ fún mi pé bí òun bá yọ ìlú kan nínú ẹ̀, ó máa dà bíi pé òun já ẹ̀gbọ́n òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà tóun sì ń lọ.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, gbogbo èèyàn ló mọ Yúróòpù. Onígbàjámọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, tí kò tíì kọjá oríta rí, ní ká fi Róòmù sí i, ká yọ Fíẹ́nà, pé òtútù ibẹ̀ burú. A bi í pé báwo ló ṣe mọ̀. Ó ní ọkùnrin kan tóun fárí fún ló sọ ọ́. Oníbàárà kan ní Bẹ̀líìnì. Òmíràn ní Amsterdamù. Bàbá Kékeré ń dá gbogbo wọn lóhùn pé wọ́n ṣeun. Kò rán nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn. Ó rán ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, ó sì tú u.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú, mo gbé tíì àti búrẹ́dì wá. Ìyàwó rẹ̀ wà ńbẹ̀, ó ń gán bọ́tìnnì. Ó ti ń wò ó tipẹ́. Ó wá bi í pé, bí èèyàn bá gbé aṣọ wá fún un, ta ló máa ń sọ ibi tó máa gé fún un.

Bàbá Kékeré ní kò sí.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ gé e nígbà náà. Àbí aṣọ wo ló tún le tó yìí?"

Bàbá Kékeré wò ó. Ó tún wo kàlẹ́ńdà. Ó dìde, ó fa aṣọ kan yọ nínú pẹpẹ, aṣọ aláwọ̀ ojú ọ̀run, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n. Yáàdì méjìlá géérégé.

Ó ní, "Ọjọ́ kan, yáàdì kan."

Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí yáàdì àkọ́kọ́ àti èyí tó kẹ́yìn. Bàálù ló ni àwọn yẹn. Ó ní ibi tí abẹ́rẹ́ máa gbà ni, èèyàn kì í wọ̀ ọ́. Ó ku mẹ́wàá. Ó wá pín ìlú méje sórí ẹ̀. Láàárín ìlú kan sí ìkejì, ó fi ààbọ̀ yáàdì sílẹ̀ fún ọ̀nà. Ọ̀nà mẹ́fà jẹ yáàdì mẹ́ta. Ohun tó kù fún ìlú kọ̀ọ̀kan jẹ́ yáàdì kan.

Ó dúró, ó káwọ́ mọ́dìí.

"Yáàdì kan. Kí ni mo fẹ́ fi yáàdì kan rán fún àgbàlagbà?"

Ìyàwó rẹ̀ ò gbójú sókè nídìí bọ́tìnnì. "Táì," ló wí. "Táì méje. Ẹ máa so Yúróòpù mọ́rùn bọ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín kẹ́yìn ní ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Bàbá Kékeré nu ṣọ́ọ̀kì náà kúrò, ó tún bẹ̀rẹ̀. Lísíbọ́nù ló kọ́kọ́ kọ, ó fún un ní yáàdì mẹ́ta. Ó ní ti ẹ̀gbọ́n òun nìyẹn, òun ò ní dín in kù. Ó fún Párísì ní méjì, torí ìyàwó rẹ̀ ti ń dárúkọ lọ́fínńdà kan láti ìgbà tọ́rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kóun lè rílé wọ̀ tóun bá dé.

Ó ń fi ọwọ́ na aṣọ tó kù. Nígbà tó sọ̀rọ̀, aṣọ náà ló ń bá sọ ọ́. Ó ní ìlú kan wà tí kò sí nínú kàlẹ́ńdà. Nápólì. Atukọ̀ kan tóun ránṣọ fún nígbà kan ló sọ fún òun. Ó ní àwọn àgbààgbà ọkùnrin ń jókòó sẹ́nu ilé wọn níbẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ lásán rán kóòtù, abẹ́rẹ́ àti òwú nìkan, wọ́n á rán an títí, kò sì sẹ́ni tó ń yọ wọ́n lẹ́nu pé kí wọ́n ṣe kíá.

Mo bi í bóyá bàbá mi mọ̀.

"Mi ò sọ fún un rí," ó dáhùn. "Ṣé o ò mọ bàbá rẹ ni? Á ní kò burú, a máa gba ibẹ̀ kọjá."

Bàbá mi gan-an nìyẹn. Ẹ̀rín pa àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ló rín tèmi dójú omijé, wọ́n sì fi mí sílẹ̀.

Ó kọ Nápólì sórí yáàdì mẹ́rin. Yáàdì kan tó ṣẹ́kù, ó pín in sí ààbọ̀ ààbọ̀ fún ọ̀nà méjèèjì. Kò sí èyí tó ṣòfò. Ó wá sọ fún mi pé ṣọ́ọ̀kì ṣeé nù, ṣùgbọ́n ohun tí sísọ́ọ̀sì bá ti wí, ó ti wí i. Ló bá gbé sísọ́ọ̀sì. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ gbójú sókè, ó la ẹnu, ṣùgbọ́n sísọ́ọ̀sì ti kọjá Párísì.

Nígbà tó gé e tán ni ìyàwó rẹ̀ tó sọ ọ́. "Kọ́tìnì ìyá oníléèwé nìyẹn."

Òótọ́ ni. Ìyá kan tó ní iléèwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ló gbé e wá fún fèrèsé mẹ́rin, yáàdì mẹ́ta mẹ́ta. Bàbá Kékeré jókòó sórí àga. Ó wo sísọ́ọ̀sì bíi pé òun ló mú un lọ síbẹ̀. Láti ọgbọ̀n ọdún, kò ba aṣọ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Mo rò pé ó máa ní ká pa gbogbo ẹ̀ tì. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba tíì lọ́wọ́ mi, ó mu ún.

Ìyá náà dé ní Ọjọ́bọ̀. Bàbá Kékeré ò purọ́ fún un. Ó bẹ̀ ẹ́, ó ní òun máa ra òmíràn, ó kó gbogbo ègé aṣọ síwájú rẹ̀, ó sì rò ó fún un látìbẹ̀rẹ̀. Ìyá náà ń ka ohun tó wà lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé orí ààbọ̀ yáàdì tó kọ "ọ̀nà" sí, ó wá àga, ó jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí gíláàsì rẹ̀ fi bọ́.

"Ẹ rán Lísíbọ́nù yìí fún mi, ó bá fèrèsé mi mu," ó wí. "Ẹ ra ìyókù. Tí ẹ bá sì dé, ẹ ń bọ̀ wá sọ bí ibẹ̀ ṣe rí fún àwọn ọmọ mi."

Lọ́jọ́ Ẹtì, aago mẹ́ta kò tíì lù tí a fi dé ọ́fíìsì. Obìnrin onítíkẹ́ẹ̀tì kọ ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀. Ó ka ọjọ́, ọjọ́ pé. Ó ní a ṣe dáadáa. Ó wá ní, ṣé kóun fi Róòmù sí i, ọkọ̀ ojú irin máa ń fi bíi wákàtí kan dé ibẹ̀ láti Nápólì, a lè lọ láàárọ̀ ká padà nírọ̀lẹ́. Ẹ̀gbọ́n yín sì kọ ọ́, ló wí.

Bàbá Kékeré di téèpù ọrùn rẹ̀ mú. Mo mọ̀ pé tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, Fíẹ́nà ló kàn, lẹ́yìn ẹ̀ Bẹ̀líìnì.

"Rárá, ọmọ mi," ó wí. "A fẹ́ jókòó."

Obìnrin náà tẹ̀ ẹ́ jáde. Bàbá Kékeré fọwọ́ sí i, mo fọwọ́ sí i.

Lórí àtẹ̀gùn, ó bi mí bóyá mo lè jókòó síbì kan fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo ní màá gbìyànjú. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní ẹsẹ̀ bàbá mi ni, kò lè gbà. Ó ní kí n mú abẹ́rẹ́ dání, òun máa kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe ojú bọ́tìnnì. Mo bi í bóyá ojú bọ́tìnnì le. Ó ní kò le, ó kàn pẹ́ ni.